Ta Ló Láṣẹ Láti Ní Kí Eléré Yunifásítì Tó Wà Nídìí Ọ̀ràn Má Gbá Bọ́ọ̀lù Mọ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2023, ariwo gba gbogbo gbọ̀ngàn eré Yunifásítì South Carolina kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọwọ́ Brandon Miller, ọmọ ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Yunifásítì Alabama, àwọn òǹwòran á máa kígbe pé kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ọmọ náà ò dá wọn lóhùn. Àmì ayò 41 ló kó jọ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ló sì ju bọ́ọ̀lù tó parí ọ̀rọ̀ nígbà tí kò tíì ku ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko kí eré tán. Alabama borí pẹ̀lú 78 sí 76.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìyẹn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá kan ti jẹ́rìí ní kóòtù ìlú Tuscaloosa lórí ìpànìyàn tó wáyé lóru ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, nítòsí àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe fàájì. Wọ́n yìnbọn lu mọ́tò kan, ìyá ọlọ́mọ kan tó jẹ́ ẹni ọdún 23 sì bá a lọ. Àwọn méjì ni wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn: Darius Miles, tí òun náà wà nínú ikọ̀ Alabama, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Michael Davis. Miles ló ni ìbọn náà. Ohun tí ará ìta ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọlọ́pàá yìí wá tú síta: inú mọ́tò Miller ni ìbọn ọ̀hún wà, Miles sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó gbé e wá fún òun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Miller wà lórí pápá. "Ṣé wọn ò ní òfin ní Amẹ́ríkà ni?" Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí nìyẹn nígbàkigbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá tún jáde. Òfin wà, ó tiẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń da orí ọ̀rọ̀ rú ni pé ìbéèrè mẹ́rin la máa ń pò pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣé ó rú òfin ìlú? Ṣé ó yẹ kó ṣì máa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ó yẹ kó wọ aṣọ ikọ̀? Ṣé àjọ tó ń darí eré gbà kó kópa? Ẹni tó ń dáhùn èyí kọ́ ló ń dáhùn tọ̀hún, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò ò sì bára mu. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó rí i pé ibì kan ṣoṣo ni àlàfo ńlá wà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ń dárúkọ òfin jù.

Ẹni tó wà nílé lè máa rò pé eré yunifásítì ni, bíi ti NUGA wa. Kò jọra rárá. Pápá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (football) tó wà ní Yunifásítì Alabama nìkan ń gba èèyàn tó lé ní 100,000. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ìjọba ni owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ọ̀hún, gómìnà ò sún mọ́ ọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń darí ohun púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti kóòtù wọlé. Agbẹjọ́rò ìjọba ní Tuscaloosa sọ pé òun ò rí ẹ̀sùn kankan tí òun lè fi kan Miller. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ojúsàájú ni. Ṣùgbọ́n kí òfin tó lè mú ẹnìkan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ran apànìyàn lọ́wọ́, ìjọba ní láti fi hàn pé ó mọ ohun tí ẹnìkejì fẹ́ ṣe, ó sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Lọ́yà Miller sọ pé ọmọ náà ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ láti wá gbé Miles, pé abẹ́ aṣọ ni ìbọn wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, àti pé kò fọwọ́ kàn án. Níní ìbọn nínú mọ́tò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2023 gan-an, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ni Alabama ti fagi lé òfin tó ní kí àgbàlagbà gba ìwé àṣẹ kó tó lè gbé ìbọn kékeré kiri.

Ẹ wá fi ti Miles wé e. Ìjọba ò sọ pé òun ló yìnbọn. Ẹ̀sùn wọn ni pé òun ló fún Davis ní ìbọn, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lójú òfin, ẹni bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó tẹ ìbọn. Nígbà tó di 2025, àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti gbọ́ ẹjọ́ dá Davis lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n gbére láìsí ìdáríjì sì ni wọ́n fi í sí. Ọ̀ràn kan náà, òru kan náà, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta, òfin ò sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbì kan náà, torí ohun tó wà lọ́kàn ẹni ni òfin ń wá.

Nítorí náà, nígbà tí yunifásítì bá ní "wọn ò fẹ̀sùn kàn án," òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn dáhùn. Kò kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ìyẹn ti aṣọ ikọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti olórí ẹ̀ka eré ìdárayá ló ń dáhùn rẹ̀. Nate Oats ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama. Ní ọjọ́ tí ọlọ́pàá jẹ́rìí, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé ibi tí kò yẹ kí Miller wà ló wà lásìkò tí kò yẹ. Kó tó di alẹ́ ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà burú, ó sì tọrọ àforíjì. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀rí kóòtù yẹn, Alabama gbá bọ́ọ̀lù nílé. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó kan Miller, ó na apá méjèèjì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń yẹ ara èèyàn wò bóyá ó gbé ohun ìjà. Oats ní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọ́n ti ń ṣe é, pé kò ní wáyé mọ́. Mi ò gbà pé ìkà ni ọmọ náà fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ ẹ wo iye àgbàlagbà tó ń gbowó oṣù létí pápá yẹn, tí kò sí ẹyọ ẹnìkan tó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ fún un pé òkú wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kan Miles ni wọ́n ti yọ ọ́ nínú ikọ̀, láìdúró de kóòtù. Ti Miller, wọ́n ní ẹlẹ́rìí ni, pé ó ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, kò sì pàdánù eré kan ṣoṣo. Kò sí ìwé òfin tó sọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìdájọ́ ọkàn àwọn aláṣẹ ni. Alabama gba ife ẹkùn SEC, ìyẹn àkójọ àwọn yunifásítì apá gúúsù ìlà-oòrùn tó jọ ń díje, lọ́dún náà, wọ́n tò wọ́n sípò kìíní nínú gbogbo ikọ̀ tó wọ ìdíje orílẹ̀-èdè kí ìdíje ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀, Miller di agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní ẹkùn wọn, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, ikọ̀ Charlotte Hornets mú un, òun sì lẹnìkejì nínú àwọn ọ̀dọ́ eléré tí àwọn ikọ̀ NBA yàn lọ́dún náà. Ẹni tó ń jẹ nínú ọbẹ̀ la ní kó ṣọ́ ìkòkò.

Ẹnìkan lè ní ṣe bí kóòtù bá ti fẹ̀sùn kanni, kí wọ́n kàn jáwèé gbélé-ẹ fún un, kí ọ̀rọ̀ tán. Yunifásítì Illinois dán an wò. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan Terrence Shannon, ìràwọ̀ ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì wọn, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Lójú ẹsẹ̀ ni yunifásítì dá a dúró, ó sì pàdánù eré mẹ́fà. Shannon gba kóòtù ìjọba àpapọ̀ lọ, adájọ́ sì pàṣẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé kí wọ́n dá a padà sínú ikọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé adájọ́ ní kò jẹ̀bi. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó sọ ni pé àyè tí ọmọ yìí ní nínú ikọ̀, pẹ̀lú owó tó ń rí lórí orúkọ rẹ̀ àti ọ̀nà NBA tó ṣí sílẹ̀ fún un, jẹ́ ohun tí ìjọba ò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ èèyàn láìfún un láyè tó péye láti sọ tẹnu rẹ̀. Yunifásítì ní ìgbìmọ̀ ìbáwí fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, tó ní ìlànà àti ààbò, ṣùgbọ́n ìlànà ẹ̀ka eré ìdárayá ni wọ́n lò, èyí tó yá tí kò sì ní ààbò tó bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Shannon gbá bọ́ọ̀lù dé ìparí sáà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, kóòtù Kansas dá a láre, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Minnesota Timberwolves fi mú un fún NBA ní ipò 27.

Nǹkan kan wà níbí tí àwọn tó ń jiyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára kì í sábà mẹ́nu bà: Illinois jẹ́ yunifásítì ìjọba. Ìjọba ni òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dè lọ́wọ́ pé kò gbọ́dọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni láìtẹ̀lé ìlànà. Yunifásítì aládàáni, bíi Stanford, Duke tàbí Baylor, kò sí lábẹ́ ìdè yẹn bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn tiwọn àti ìlànà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ló dè wọ́n. Ọ̀ràn kan náà lè gba ọ̀nà méjì nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ kan jẹ́ ti ìjọba, èkejì jẹ́ ti ìjọ tàbí ti àdáni. Stanford kò dúró de ẹnikẹ́ni nígbà ti Brock Turner, òmùwẹ̀ wọn, ní 2015. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ká a mọ́ obìnrin kan tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọmọ náà fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tẹ ọgbà àwọn mọ́. Kóòtù ló pẹ́. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà péré ni adájọ́ sì fún un, ó lo mẹ́ta níbẹ̀. Inú bí àwọn ará àdúgbò débi pé wọ́n dìbò yọ adájọ́ náà nípò ní 2018.

Ìbéèrè kejì, ti jíjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, abẹ́ òfin kan tí wọ́n ń pè ní Title IX ni ó sábà máa ń bọ́ sí bí ọ̀ràn náà bá jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ tipátipá. Òfin ọdún 1972 ni. Ó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí pé ẹnìkan jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin léèwọ̀ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbowó ìjọba àpapọ̀. Ní kóòtù ọ̀daràn, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó nídìí. Lábẹ́ Title IX, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló gbà pé bí ẹ̀rí ọ̀kan bá ti wúwo ju ti èkejì lọ, ó tó. Ìdí nìyẹn tí yunifásítì fi lè lé ọmọ kan tí kóòtù ò ní dá lẹ́bi láéláé, tí kò sì sí ìtakora níbẹ̀. Kóòtù lè rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n, yunifásítì ò lè rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀, ìdí abájọ tí òṣùwọ̀n ẹ̀rí wọn ò fi dọ́gba.

Àjọ eré ńkọ́? NCAA ló ń darí eré ní nǹkan bí 1,100 yunifásítì. Àwọn èèyàn gbà pé bí FIFA ló ṣe rí, pé ó lè gbé káàdì pupa fún ọ̀daràn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baylor, yunifásítì àwọn onítẹ̀bọmi ní Texas, kẹ́ ẹ wá bá mi dá a.

Láàárín 2014 sí 2015, kóòtù dá agbábọ́ọ̀lù Baylor méjì lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀, ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀wọ̀n 20 ọdún. Yunifásítì gba àwọn lọ́yà láti Philadelphia láti wádìí. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016: àwọn olùkọ́ bọ́ọ̀lù ń gbọ́ ẹ̀sùn, wọn ò sì gbé e dé ibi tó yẹ, ńṣe ni wọ́n ń fúnra wọn bójú tó o, bí ẹni pé ẹ̀ka bọ́ọ̀lù ní òfin tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà sọ fún ìwé ìròyìn nígbà tó yá pé láti 2011, obìnrin 17 ló ti fẹ̀sùn kan agbábọ́ọ̀lù 19. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Art Briles. Wọ́n yọ Ken Starr nípò olórí yunifásítì, ìyẹn Starr kan náà tó fojú Ààrẹ Bill Clinton rí màbo láyé ọ̀rọ̀ Monica Lewinsky. Olórí ẹ̀ka eré ìdárayá náà kọ̀wé fipò sílẹ̀.

NCAA wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀, ó sì gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìgbìmọ̀ wọn ní ohun tó ṣẹlẹ̀ burú jáì, ṣùgbọ́n kò rú òfin àwọn. Ẹ gbọ́ àlàyé wọn o. Òfin NCAA ka oore àkànṣe fún eléré léèwọ̀, ìyẹn kí wọ́n ṣe ohun fún un tí wọn ò ní ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé Baylor kì í gbé ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ lọ síbi tó yẹ fún ẹnikẹ́ni, yálà eléré ló ṣe é tàbí ẹlòmíràn. Níwọ̀n bí wọ́n ti já gbogbo obìnrin kulẹ̀ bákan náà, kò sí oore àkànṣe fún eléré. Lórí àwọn ẹ̀sùn kéékèèké mìíràn, wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ náà sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé e. Mo ka ìpinnu yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọgbọ́n òfin tó wà nínú rẹ̀ ò ní àlébù. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló ṣófo níbi tó yẹ kí nǹkan wà.

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà kejì rí. Ní 2012, lẹ́yìn tí kóòtù dá Jerry Sandusky, olùkọ́ bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ ní Penn State, lẹ́bi fífi ìbálòpọ̀ jẹ àwọn ọmọdékùnrin níyà, NCAA bu 60 mílíọ̀nù dọ́là lé yunifásítì náà láìtẹ̀lé ìlànà ìwádìí tirẹ̀. Ìjà dé, kó sì tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2015, wọ́n ti dá púpọ̀ nínú ìyà yòókù padà. Láti ìgbà yẹn ni àjọ náà ti ń sá fún ọ̀rọ̀ tó bá ti jẹ mọ́ ọ̀daràn.

Èyí tí wọ́n ṣe níkẹyìn ni ti fọ́ọ̀mù. Ní 2020, wọ́n pinnu pé kí eléré kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ síwèé lọ́dọọdún bóyá wọ́n ti wádìí rẹ̀ tàbí bá a wí rí lábẹ́ Title IX, tàbí bóyá kóòtù ti dá a lẹ́bi ìwà ipá. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ gba ọmọ tó ń ti ibòmíì bọ̀ sì bi ibi tó ti ń bọ̀ léèrè. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni," fọ́ọ̀mù ò ní kó má gbá bọ́ọ̀lù. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń pinnu. Àwọn ẹkùn kan le ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 2015 ni SEC ti ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn má gba eléré tí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lé nítorí ìfipábánilòpọ̀ tàbí lílu olólùfẹ́. Ìyẹn sì wáyé lẹ́yìn tí Alabama gba ọmọ kan tí Georgia ti lé, tí ọlọ́pàá tún mú un kò pẹ́ kò jìnnà.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á fìyà jẹ aláìṣẹ̀, ẹ̀rù wọn nídìí. Ní 2006, Duke fagi lé ìyókù sáà ikọ̀ lacrosse wọn, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá alápò àwọ̀n ju bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fipá mú akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ̀wé fipò sílẹ̀, nítorí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n fi kan ọmọ mẹ́ta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà kéde pé aláìṣẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́yà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba tó gbé ẹjọ́ náà, torí ó fi ẹ̀rí pamọ́. Ní ìparí 2024, obìnrin tó fẹ̀sùn kàn wọ́n fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni òun pa.

Bí ẹ bá to Duke, Illinois àti Alabama ti ara wọn, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ wọn kò dúró lórí bí ọ̀ràn ṣe wúwo tó. Ẹni tó di ìdájọ́ ìgbà díẹ̀ mú ló ń mú ìyàtọ̀ wá: ariwo ayé ní Duke, ẹ̀ka eré ní Illinois, ẹ̀ka eré ní Alabama bákan náà. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n gba ìdájọ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ka eré pátápátá, kí àwọn mìíràn nínú yunifásítì, tí ife ẹ̀yẹ kankan ò kàn, gbọ́ tẹnu ọmọ náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá yóò dúró tàbí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lọ títí kóòtù yóò fi parí. Adájọ́ Illinois ò sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dá eléré dúró. Ìlànà ló béèrè.

Owó ti wá mú un le sí i báyìí. Láti oṣù Keje ọdún 2025, yunifásítì lè sanwó fún eléré tààrà, tó tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́dún àkọ́kọ́, ìwé àdéhùn sì ni wọ́n ń bá ọmọ ṣe. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù ní Houston, ní Maryland tàbí ní Georgia, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìwà sí nínú ìwé náà. Ṣé ẹ̀sùn lásán ló lè já a ni, tàbí ẹjọ́ kóòtù, tàbí ìgbà tí wọ́n bá dá a lẹ́bi? Ta ló máa gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó já? Lọ́yà yunifásítì kì í ṣe lọ́yà ọmọ yín. Bó bá sì jẹ́ ọmọ yín ni eléré kan ṣe ní ibi, ọ́fíìsì Title IX wà ní gbogbo yunifásítì tó ń gbowó ìjọba àpapọ̀, ọlọ́pàá sì wà lọ́tọ̀; ẹ lè lọ sí méjèèjì, kò sì pọn dandan kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan gbọ́ kẹ́ ẹ tó lọ.